Ẹnu Tó Ń Ka Lẹ́tà fún Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò mú ọ jù? Àwa náà wà, a ò kú, a ò rùn.

Kí o tó máa kà á lọ, padà wo ọwọ́ tó kọ ọ́. Wò ó dáadáa. Kì í ṣe ọwọ́ bàbá rẹ. Èmi ni. Èmi tí mo fi ogójì ọdún ránṣọ fún gbogbo àdúgbò tí n kò lè kọ orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo, tí mo ń fi òwú aláwọ̀ mẹ́ta sàmì sí aṣọ kí n má bàa gbé ti ìyàwó fún ìyálé, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Ó di ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. N kò sọ fún bàbá rẹ. Ó rò pé ìpàdé àwọn aránṣọ ni mò ń lọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ipò kìn-ín-ní ni mo gbà. Káfíńtà kan ló ń jókòó tì mí, àgbà ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ ìdánwò ó ní, "Ìyá, ẹ ṣí ìwé yín síhìn-ín díẹ̀." Mo ní, "Ìwọ tí ò ń wọn pákó láàárọ̀, lọ wọn ọpọlọ tìrẹ." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tíṣà fi lu tábìlì.

Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwa tó yege ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sára pátákó: deceive, mislead, cheat, trick, delude. Ó ní gbogbo wọn ló jẹ mọ́ kí ènìyàn tan ènìyàn, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, kí oníkálùkù lọ wádìí ìyàtọ̀ wọn. Káfíńtà ní ìyàtọ̀ wo, irọ́ lorúkọ gbogbo wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Abẹ́rẹ́ kan náà la fi ń rán etí aṣọ àti ọrùn aṣọ, síbẹ̀ ẹni tó bá rán ọrùn bí ẹni rán etí ti ba aṣọ jẹ́. Ìwọ tí ò ń gbọ́ èdè náà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣàlàyé wọn fún mi. N kò fẹ́ kí káfíńtà gba ipò mi.

Ẹ̀sùn wà lọ́kàn mi o. Oṣù méje ni o kò ti kọ̀wé. Bàbá rẹ ní iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, pé ẹni tó ń darí ogójì ènìyàn nílé ìfọṣọ kò ní ráyè. Mo gbà, mo sì ti fi ọ́ yangàn títí ó fi sú àwọn aládùúgbò. Àmọ́ bí ènìyàn ga tó, kì í ga kọjá ẹni tó pọ̀n ọ́n. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú. Fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, kí ọwọ́ rẹ méjèèjì hàn. Nínú èyí tó wá kẹ́yìn, ńṣe lo fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ni kí o kọ èsì sí, kí n lè fúnra mi gbà á.

Ìyá rẹ àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ipò kìn-ín-ní.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Ìyá àgbà,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ tó ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. N kò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ bàbá mi ló yí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ padà kó lè mọ ohun tó wà nínú mi, kó sinmi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lóòótọ́, ẹ kú oríire ìwé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ béèrè, mo mọ̀ wọ́n. Kì í ṣe nínú ìwé ni mo ti kọ́ wọn. A ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn. Òpó irin gbígbóná méjì ló ń yí nínú rẹ̀, àárín wọn laṣọ ń gbà wọlé. Irin kan yẹ kó wà níwájú tí yóò dá ọwọ́ ènìyàn dúró. Irin náà ti ṣẹ́. Ọ̀gá sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kan pé mẹkáníìkì ti wá wo ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, mẹkáníìkì wá. Ó wò ó, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá ò parọ́, síbẹ̀ gbogbo wa gbà pé ẹ̀rọ ti dára. Ìyẹn ni mislead. Ẹni tó ṣe é lè má sọ ẹyọ irọ́ kan, ó kàn kọ ojú rẹ síbi tí kì í ṣe ọ̀nà ni. Nígbà tó yá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹ̀rọ náà pé àyẹ̀wò ti parí, wọ́n sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Deceive nìyẹn: ó mọ òótọ́, ó gbé e kúrò, ó fi irọ́ sípò rẹ̀ kí o lè gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá ń já ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nínú ìsinmi wa, cheat ni, torí ohun tó jẹ́ tiwa ni wọ́n gbà. Trick kéré sí gbogbo wọn, ó lè jẹ́ eré. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débí, wọ́n da ọṣẹ sínú bàtà mi, gbogbo wa sì jọ rẹ́rìn-ín. Delude ni n kò rí àpẹẹrẹ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ bi tíṣà yín.

Ta ló sọ fún yín pé mò ń darí ẹnikẹ́ni? Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé abèèrè kì í ṣìnà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀rọ yẹn jó mi lọ́wọ́, mo bi yín léèrè bóyá kí n máa bọ̀ nílé. Èsì yín wà lọ́dọ̀ mi dòní: "Má wá sílé. Ẹni tó bá sá lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ilé tí yóò sá sí. Èmi ìyá rẹ àgbà ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo dúró. Ẹ mọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ wá máa bèèrè fọ́tò ọwọ́ méjèèjì lọ́wọ́ mi, ìyẹn burú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Mo kí ọ.

Iná wo? Ọwọ́ wo ló jó? Ìgbà wo ni mo ní kí o má wá sílé?

O ní o kò mọ ọwọ́ tó kọ̀wé sí ọ. Ó dáa. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, o fi àlùmọ́gàjí gé etí aṣọ ìyàwó kan lọ́jọ́ méjì sí ìgbéyàwó, o ní ò ń ṣe gèlè fún bèbí rẹ. Mo sọ fún ìyàwó pé láti ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á ni aṣọ ti kúrú. Ó bá olóhun ṣọ́ọ̀bù jà, èmi náà sì gbè é lẹ́yìn. Èmi àti ìwọ nìkan ló mọ̀ láyé yìí. Bàbá rẹ kò gbọ́ ọ rí.

Lẹ́tà rẹ mọ́kànlá ló wà nínú àpótí abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé, n kò yọ wọ́n wò, torí mo rò pé mo ti mọ gbogbo wọn sórí. Bàbá rẹ ti kà wọ́n fún mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ tí èsì rẹ dé, mo fa ọ̀kan yọ. Ìwé tí a tẹ̀ ni mo lè kà dáadáa, ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ń fún mi ní wàhálà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ka ojú ìwé kan. Èyí tí bàbá rẹ kà fún mi nínú rẹ̀ ni pé o wà ní àlàáfíà, pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí, pé kí n má ṣèyọnu. Èyí tí mo rí níbẹ̀ nìyí, mo kọ ọ́ jáde bó ṣe wà: "Ìyá àgbà, awọ ọwọ́ mi ṣí kúrò. Wọ́n ti ní kí n padà sídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?"

Lẹ́tà mẹ́wàá ṣẹ́kù. Mò ń kà wọ́n lọ. Má bínú kọjá ibi tí o bínú dé báyìí kí n tó parí.

Ìyá rẹ àgbà.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin

Ẹlẹ́rìn-ín,

O kò tíì fèsì, àmọ́ n kò lè dúró. Mo kí ọ kú ìrora tí n kò bá ọ jẹ nínú rẹ̀.

Mo ti kà wọ́n tán. Nígbà tí mo dé ìkeje, ìwé náà yí padà. Àwọn lẹ́tà wó, wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọgbà tí òjò ti pa, òmíràn ga, òmíràn kéré. Mo mọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Tèmi nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé mi ló ṣèèṣì bọ́ sáàárín. Ìgbà tí mo kà á ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ti mú ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, pé òsì lo fi ń kọ̀wé. Oṣù tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ni ìwọ náà tún un kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Mo pe bàbá rẹ wọ yàrá. Mo tẹ́ lẹ́tà ọwọ́ jíjó yẹn sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ní, "Kà á fún mi."

Ó gbé e. Ó ní, "Èyí tó ti pẹ́ yìí, Ìyá? Ó ní òun kí yín, ó ní iṣẹ́ ń lọ."

Mo ní, "Fi ìka sí i bí o ṣe ń kà á."

Ìka rẹ̀ dúró. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á fún un láti òkè délẹ̀. Mo kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì, àmọ́ mo kà á tán. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìpàdé àwọn aránṣọ."

"Ẹ̀yin náà tàn mí nígbà yẹn."

"Mo tàn ọ́ kí n lè mọ̀wé. Ìwọ tàn mí kí n má bàa mọ ọmọ mi. Ṣé ọ̀kan náà ni?"

Ó ní dókítà ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ga, pé kí n má gbọ́ ohun tí yóò já mi láyà. Ó ní òun ò kọ́kọ́ parọ́, òun kàn fo ibi tó burú ni. "Nígbà tí mo fo ìlà méjì, ihò ṣẹ́kù níbẹ̀, Ìyá, mo ní láti fi nǹkan dí i." Mo ní lílẹ̀ aṣọ ni mo mọ̀, lílẹ̀ ènìyàn ni n kò mọ̀. Mo bi í pé èsì tó fi orúkọ mi kọ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ ìyẹn náà? Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. Ó ní òun lòun tì ọ́ lọ sí ìlú òkèèrè, òun sì ti sọ níbi iṣẹ́ òun pé o ti dọ̀gá níbẹ̀. Bí o bá fi ọwọ́ jíjó wọlé, ojú wo lòun ó fi wo àwọn ènìyàn?

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tó ogún ọdún, àmọ́ nígbà tí òtítọ́ máa fi bá a, ìka mẹ́ta ti lọ.

Kọ̀wé sí mi. Bó jẹ́ èébú ni, kọ ọ́.

Ìyá rẹ àgbà.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Karùn-ún

Ìyá àgbà,

Ẹ kú ilé. Lẹ́tà yín méjèèjì dé.

Aṣọ ìyàwó yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ẹ̀yin ni. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín, n kò rántí èyí tó ṣáájú.

Ọdún méjì ni mo fi ń bá yín jà nínú ọkàn mi. Bí mo bá ń fi òsì wọ bọ́tìnnì aṣọ láàárọ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ní báyìí ẹ ní kì í ṣe ẹ̀yin. Mo gbọ́. Kí bàbá mi má kọ̀wé sí mi. N kò fẹ́ "má bínú" rẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Lẹ́tà ọwọ́ jíjó yẹn, ojú ìwé mẹ́rin ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó níwájú ilé, tí ẹ ó wo ẹni tó ń kọjá lódìkejì títì, tí ẹ ó ní, "Apá òsì aṣọ yẹn fi ìka kan gùn ju ọ̀tún lọ." Bàbá mi ka ojú ìwé mẹ́rin fún yín ní gbólóhùn mẹ́ta. Ẹ̀yin sì jókòó tì í. Ẹ ò rí i?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Mo kí ọ.

Mo rí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya, torí mo ń wá ibi tí n ó gbà yí i po. Kò síbẹ̀. Bí bàbá rẹ bá ń kàwé, mo máa ń wo ojú rẹ̀. Ojú á ti rìn jìnnà lórí ìwé, ẹnu á ṣì wà lójú kan. Nígbà míràn á gbé itọ́ mì kó tó sọ pé inú rẹ ń dùn. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi í ní ìbéèrè kan péré, gbogbo rẹ̀ á tú. N kò bi í. Ó wù mí kí o jẹ́ ọ̀gá. Mo ti sọ fún ìyá òdìkejì, tí ọmọ tirẹ̀ ń kọ̀wé ẹ̀dùn sí i lóṣooṣù, mo ní, "Tèmi kì í ráhùn." Lẹ́yìn tí mo ti sọ ìyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ bèèrè?

Tíṣà ṣàlàyé delude fún wa. Ó ní kí ènìyàn gba ohun tí kò sí gbọ́ ni, kó kó wọ inú rẹ̀, kó máa gbé ibẹ̀ bí ilé, àti pé ẹni tí ènìyàn máa ń ṣe é fún jù ni ara rẹ̀. Ó ní ta ló ní àpẹẹrẹ. Èmi tí mo máa ń nawọ́ kí ìbéèrè tó parí, mo kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì. Káfíńtà wò mí. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ohun tí bàbá rẹ ṣe fún mi, deceive ni. Èyí tó ṣe fún ọ, mo rò pé cheat ni, torí èsì kan wà tó jẹ́ tìrẹ, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ, ó fi tirẹ̀ dípò. Àmọ́ èyí tí mo ṣe fún ara mi, kò sẹ́ni tó bá mi lọ́wọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ìwọ ló san án. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N kò ní kí o gbàgbé.

O bèèrè lọ́dún méjì sẹ́yìn bóyá kí o máa bọ̀. Èmi ni mo ń dáhùn lónìí: máa bọ̀. Máa bọ̀ wálé, ọmọ mi.

Ìyá rẹ àgbà.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Ìyá àgbà,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà yín fi wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fọ̀ ọ́.

N kò bọ̀. Ẹni tó bi yín léèrè nígbà náà ní ìka mẹ́wàá, ẹ̀rù ń bà á, ó ń wá ẹni tí yóò sọ pé kó wá. Kò sí mọ́. Wọ́n ti gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, èmi ni mo máa ń mú un lọ síwájú ẹ̀rọ, mo máa ń fi ọwọ́ mi hàn án kí ọ̀gá tó fi ìwé àyẹ̀wò hàn án. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọ̀gá kórìíra rẹ̀ bí nǹkan míràn. Bí mo bá lọ, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn.

N kò tíì dárí ji bàbá mi. Tiyín, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí ẹ kọ "Mo rí i" yẹn, mo ju lẹ́tà náà sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i pé òun nìkan ni ìlà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ti kọ sí mi láti ilé tí mo gbà gbọ́ tán.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà níbí, gbogbo lẹ́tà ilé ló ń sọ pé ẹ wà ní àlàáfíà. Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé. Bí ẹ bá tún ń kọ̀wé, èyí tí ẹ ò bá fẹ́ kí n gbọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ẹlẹ́rìn-ín yín.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹsàn-án

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Mo kí ọ. N kò ní sọ pé a wà ní àlàáfíà.

Ojú mi ń lọ. Ti òsì ti lọ tán. Dókítà fi iná wò ó, ó ní kì í ṣe ìránṣọ ló fà á, àìsàn kan ni tó ń jẹ ojú láti inú, kì í dun ni, ohun tó bá sì ti jẹ kì í dá a padà. Mo bi í pé ìgbà wo ni ti ọ̀tún á tẹ̀lé e. Ó ní, "Màmá, ẹ má ronú síbẹ̀." Mo ní, "Dókítà, òyìnbó ní orúkọ fún ohun tí ẹ ń ṣe yẹn. Ẹ sọ oṣù fún mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá sọ ọ́. Ó ní bó bá pẹ́ títí, ìwòyí ọdún tó ń bọ̀.

Ní báyìí mo ṣì ń ka lẹ́tà rẹ, bí mo bá gbé e sẹ́nu fèrèsé tí mo sì dijú òsì. Ìlà máa ń parẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, mo ní láti máa yí ìwé kiri. Kọ ọ́ gàdàgbà. Fi àyè sílẹ̀ láàárín.

O kò bọ̀, mo ti gbọ́. Mo sunkún sí i, mo sì rò ó, mo rí i pé bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí ìwọ dé, a kì bá tí máa kọ irú lẹ́tà yìí. Dúró tì wọ́n.

Àmọ́ bó bá di ọjọ́ tí n kò lè kà mọ́, ẹnì kan ní láti máa ka ìwé rẹ fún mi, kó sì máa kọ èsì mi. Káfíńtà ní òun á ṣe é, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, ńṣe ló ń fò ó. Kì í ṣe ìkà, kò mọ̀ ọ́n kà ni. Tíṣà ń kó lọ sí ìlú míràn lópin ọdún. Lánàá, bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní kí n fún òun ní iṣẹ́ náà. Ó ní òun ò ní fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. N kò ní lè wo ojú rẹ̀ nígbà náà, ohùn rẹ̀ nìkan ni n ó máa gbọ́.

N kò tíì dá a lóhùn. Ìwọ lo ni lẹ́tà. Sọ ẹni tí yóò máa kà á fún mi, kí o sì sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè fúnra mi rí orúkọ tí o kọ.

Ìyá rẹ àgbà.